Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Igbó Lórúkọ

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí gbólóhùn kan nínú ìwé ìwádìí kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ ní Kánádà ló gbé ìwádìí náà jáde ní 2015. Wọ́n kó igbó mímu 81 jọ, wọ́n tún kó 43 nínú irú tí wọ́n fi ń ṣe okùn àti aṣọ, wọ́n sì yẹ jíìnì gbogbo wọn, ìyẹn àmì àjogúnbá inú ara wọn, wò fínnífínní. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n rí i pé igbó Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Lambs Bread, tí àkọsílẹ̀ sọ pé “sativa” pọ́ńbélé ni, jọ igbó Afganístàn kan tí àkọsílẹ̀ sọ pé “indica” pọ́ńbélé ni, débi pé díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹlòmíràn á kà á, á kọjá. Èmi kò lè kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ irúgbìn ìbílẹ̀ jẹ mí lógún. Irú tí mo ń wí ni èyí tí àwọn àgbẹ̀ ibì kan ti ń gbìn láti ìran dé ìran, tí wọ́n ń ṣa irúgbìn rẹ̀ pamọ́ fúnra wọn, tí òjò àti oòrùn ibẹ̀ ti tọ́ dàgbà. Lágbàáyé báyìí, àwọn ènìyàn ń ké pé kí a yára gba irú ìbílẹ̀ igbó là kó tó pòórá. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n bí igbó Jàmáíkà bá lè jẹ́ igbó Afganístàn lábẹ́ orúkọ mìíràn, kí gan-an la fẹ́ gbà là? Àpò irúgbìn tí a bá kọ orúkọ sí, tí a tì mọ́ inú yìnyín, kí ló wà nínú rẹ̀?

Kí n tó máa lọ: n kì í mu igbó, n kò sì kọ èyí láti rọ ẹnikẹ́ni láti mu ún. Ewéko ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti iṣẹ́ ọwọ́ àgbẹ̀.

Orúkọ tí ọjà fún un

Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn tó ń ta igbó ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti sọ ọ́ di àṣà pé ọ̀nà méjì péré ni igbó pín sí. Wọ́n ní sativa ni èyí tó ga fíofío tí ìka ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, indica sì ni èyí tó kúrú, tó ṣù, tí ìka ewé rẹ̀ fẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan ń ta ènìyàn jí, èkejì ń kunni lóorun. Àwọn tó ń da irú pọ̀ mọ́ irú wá ń fi ìdá ṣe é: ìdá ọgọ́ta èyí, ìdá ogójì tọ̀hún. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sára páálí, oníbàárà á sanwó, á lọ.

Ẹ wo bí ìtàn orúkọ náà ṣe rí. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ Swídìn, ló kọ Cannabis sativa sílẹ̀ ní 1753, igbó tí wọ́n ń fi ṣe okùn ní ilẹ̀ Yúróòpù ló sì ní lọ́kàn. Ní 1785, Lamarck, ọmọ Faransé, yẹ igbó tí arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Sonnerat mú bọ̀ láti Íńdíà wò, ó rí i pé ó yàtọ̀. Ìka ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, igi rẹ̀ le, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé kò ṣe é ṣe okùn, ó sì ń pa ènìyàn bí ọtí. Ó pè é ní Cannabis indica. Igbó tí ìka ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni Lamarck pe ní indica, òun náà sì ni ọjà òde òní ń pè ní sativa! Èyí tó kúrú tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí ọjà ń pè ní indica, ará Afganístàn ni. Nikolai Vavilov, ọmọ Rọ́ṣíà, rìnrìn àjò dé ibẹ̀ ní 1924, òun ló sì fún un ní orúkọ tó bá ilé rẹ̀ mu, afghanica.

Orúkọ tí ọjà ń lò wá dà bí ẹni pé ó dojú dé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwádìí Kánádà yẹn tún fi hàn pé orúkọ kéékèèké tí wọ́n ń pe irú kọ̀ọ̀kan kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfiwéra 17 ni wọ́n ṣe láàárín àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nínú 6, igbó náà jọ ẹni tí kò bá a jẹ́ orúkọ ju ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́ ọ̀kan náà lọ. Ẹni tó bá ra irúgbìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó gbà pé irú ìbílẹ̀ Durban tàbí ti Màláwì lòun rà, tó sì ń fi tọkàntọkàn tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà nìkan ló dì mú.

Ewé gbígbẹ ẹgbẹ̀rún ó lé ọgọ́rùn-ún

Ohun tó tú ọ̀rọ̀ yìí fún mi ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ méjì, John McPartland àti Ernest Small, tẹ̀ jáde ní 2020. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjà, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ láti oko. Ilé tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí ni wọ́n yíjú sí, wọ́n sì yẹ ewéko 1,100 wò.

Bí irú ewéko bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ tuntun sí yín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹni tó ń ṣa ewéko á já ẹ̀ka kan, tòun ti òdòdó tàbí èso rẹ̀. Á tẹ́ ẹ sáàárín ìwé, á fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ títí á fi gbẹ, á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí funfun kan tó fẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ páálí náà, ó sábà máa ń jẹ́ apá ọ̀tún, ni wọ́n máa ń lẹ ìwé pélébé kan mọ́, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ibí báyìí la ti já a, ọjọ́ báyìí ni, lágbájá ló já a. Nígbà mìíràn wọ́n á fi kún un bóyá ó hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá odò ni, tàbí inú oko àgbẹ̀ ni wọ́n ti já a. Wọ́n á gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó lè wà níbẹ̀ fún igba ọdún.

Ìwé pélébé yẹn ni mi ò lè gbé ọkàn mi kúrò lórí rẹ̀. Igbó tí ẹnì kan já lẹ́sẹ̀ òkè Himalaya nígbà ayé àwọn bàbá ńlá wa, tí ó sì ti gbẹ, kò sí irú mìíràn tó tún lè gùn ún. Afẹ́fẹ́ kò lè gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó àjèjì bá a mọ́. Olùtajà kò lè pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ nítorí kí ó lè tà. Bí ó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n já a, bẹ́ẹ̀ náà ló wà títí di òní, ibi tí ó ti wá sì wà lára rẹ̀. Ẹlẹ́rìí nìyẹn. Igbó tó wà láàyè lónìí ti kó sínú ìdàpọ̀ bí àádọ́ta ọdún, láti ìgbà tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń kó irúgbìn Afganístàn àti ti Íńdíà lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù láti dà wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rí kí wọ́n tó dàpọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn gbígbẹ ló yẹ kó lọ.

Àwọn Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tí àwọn méjì yìí ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n wo ilé, wọ́n sì sọ mẹ́rin lórúkọ lábẹ́ ẹ̀yà indica. Ti Gúúsù Éṣíà, èyí tí àgbẹ̀ ń gbìn, ni wọ́n pè ní var. indica, wọ́n sì pe ìbátan rẹ̀ tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbẹ́ ní var. himalayensis. Ti Àárín Gbùngbùn Éṣíà, ní agbègbè Afganístàn àti Pakístàn, èyí tí àgbẹ̀ ń gbìn ni var. afghanica, tí èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́ var. asperrima. Bí ẹ bá di irúgbìn àwọn ará igbẹ́ yìí mú sáàárín ìka, ẹ ó rí i pé ó kéré, ara rẹ̀ ní àbàwọ́n tí kì í jẹ́ kí ẹyẹ tètè rí i nílẹ̀, ó sì máa ń já bọ́ kúrò lórí igi fúnra rẹ̀ bó bá ti gbó. Irúgbìn inú oko tóbi jù ú lọ, ó sì máa ń dúró sórí igi títí ọwọ́ àgbẹ̀ á fi dé ibẹ̀. Àgbẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, nítorí pé èyí tó bá dúró dè é nìkan ló ń rí kó lọ sílé láti gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tó ya ará Íńdíà sọ́tọ̀ kúrò lára ará Afganístàn náà ní ìdí. Òjò pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Gúúsù Éṣíà, òdòdó tó bá ṣù pọ̀ jù á gba omi sára, á jẹrà. Nítorí náà òdòdó ibẹ̀ fẹ́nà síra, afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ìka ewé sì tẹ́ẹ́rẹ́. Afganístàn gbẹ, òtútù sì ń tètè dé sórí òkè ibẹ̀. Igbó ibẹ̀ gbọ́dọ̀ yára parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kúrú, ìka ewé rẹ̀ fẹ̀ débi pé wọ́n ń gun ara wọn, òdòdó rẹ̀ ṣù, oje rẹ̀ pọ̀, òórùn rẹ̀ sì máa ń ta ènìyàn nímú. Àwọn àgbẹ̀ wá fi tiwọn kún un. Òdòdó ni ará Íńdíà ń fẹ́, oje tí wọ́n ń jọ̀ láti fi ṣe haṣíìṣì ni ará Afganístàn ń fẹ́. Bí èròjà THC, tó ń pani bí ọtí, bá ju CBD, èròjà igbó mìíràn tí kì í pani, lọ ní ìlọ́po 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé Gúúsù Éṣíà ló fi hàn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ilé kejì ni. Ní òórùn náà, àwọn èròjà kan wà tí ti Afganístàn ní tí ti Íńdíà kò ní.

Kò sí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí tó tó fúnra rẹ̀. Ewé fífẹ̀ nìkan lè tan ènìyàn jẹ, bẹ́ẹ̀ ni THC nìkan. Ìgbà tí gbogbo wọn bá fi ẹnu kò, tí ìwé pélébé náà sì jẹ́rìí sí i, la tó lè sọ̀rọ̀. Ohun tí McPartland àti Small sì sọ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ bà mí lọ́kàn jẹ́: wọ́n ní àwọn mẹ́rin náà wà nínú ewu ńlá, pé ìdàpọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nu ìyàtọ̀ wọn kúrò pátápátá nínú èyí tí a ń rí lọ́jà.

Èrò púpọ̀ ni irú ìbílẹ̀

Àwọn kan á ní: bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ojúlówó kan, ẹ tọ́jú rẹ̀, ó tán. Ibẹ̀ ni mo ti yapa pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní olùtọ́jú irú ìbílẹ̀.

Igbó ní akọ, ó ní abo, lórí igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ bá abo, ó sì lè gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, ní kìlómítà. Ẹni tó bá ti gbin àgbàdo funfun sítòsí oko àgbàdo pupa mọ ohun tí mò ń sọ: bó bá ṣí háhá rẹ̀, á bá hóró pupa láàárín funfun, bẹ́ẹ̀ kò sì gbin pupa kankan. Ti àgbàdo tilẹ̀ sàn, ojú ń rí i lọ́dún yẹn gan-an. Irúgbìn igbó kò ní fi ohunkóhun hàn yín. Ẹ ó gbìn ín, á hù, á dàgbà, kí ẹ tó mọ̀ pé àlejò ti wọlé.

Nítorí náà, igi kọ̀ọ̀kan nínú oko igbó ìbílẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì. Òmíràn ga jù, òmíràn tètè yọ òdòdó, òmíràn kò bìkítà bí òjò bá dá. Ìyàtọ̀ yẹn ni agbára wọn. Lọ́dún tí ọ̀dá bá dá, àwọn kan á kú, àwọn kan á kù, irúgbìn àwọn tó kù ni wọ́n á gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mú igi kan ṣoṣo, tó wuyì jù lọ, tó ń gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn títí, ọmọ ìlú kan ló gbé sílé. Ìlú náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ba nǹkan jẹ́ láìsí ariwo. Igbó tí akọ kò bá gùn kì í so irúgbìn, òdòdó rẹ̀ ló máa ń níye lórí jù lọ́jà. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní Íńdíà ní 1893 sí 1894 láti wádìí ọ̀rọ̀ igbó, wọ́n bá àwọn ọ̀jáfáfá kan ní ilẹ̀ Bengal tí wọ́n ń pè ní poddar, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti rìn láàárín poro, kí wọ́n dá akọ mọ̀ kó tó tú lẹ́búlẹ́bú, kí wọ́n sì fà á tu. Ẹ ronú irú ojú tí ẹni bẹ́ẹ̀ ní! Ṣùgbọ́n lónìí, tí ọjà ń béèrè fún òdòdó tí kò ní irúgbìn níbi gbogbo, àgbẹ̀ tó ń fa gbogbo akọ tu kò ní irúgbìn tí yóò ṣà pamọ́ mọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó di dandan kó rà. Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ rà á, okùn tó so òun àti bàbá rẹ̀ pọ̀ nínú oko náà ti já.

Kò sì sí ibi tí a fẹ́ padà sí. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan ka odindi jíìnì igbó 110 láti ibi púpọ̀ láyé. Wọ́n ní ó tó ọdún 12,000 tí ènìyàn ti kọ́kọ́ ń gbin igbó, ní Ìlà Oòrùn Éṣíà, àti pé ìyá àgbà tó jẹ́ ti igbẹ́ pọ́ńbélé ti parẹ́ láyé. Èyí tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà ní Ṣáínà lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ tó sá kúrò lóko ni. Bí irú ìbílẹ̀ bá lọ, kò sí baba ńlá kan nínú igbẹ́ tí a lè tún lọ bá.

Beldia lórí òkè Rif

Ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí kedere jù lọ ni òkè Rif ní àríwá Mòrókò, ní agbègbè Ketama. Beldia ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pe irú ìbílẹ̀ tiwọn. Òjò ló ń mu, wọ́n máa ń gbìn ín nígbà tí òjò bá ṣì wà nílẹ̀, á sì ti gbó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó gbẹ ilẹ̀ tán. Oje rẹ̀ kò pọ̀ púpọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni irúgbìn àdàlù ti ń wọlé láti Yúróòpù. Khardala wà nínú wọn, Critical náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń pèsè oje ju Beldia lọ fíìfíì, owó wọn pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n omi ni wọ́n ń mu ṣáá. Inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni wọ́n ń dàgbà, nítorí náà àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ́ kànga, kó ra ẹ̀rọ, kó fa omi, lórí òkè tí omi kò pọ̀ sí.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà Beldia ni gbogbo ọ̀dá tó ti là kọjá lórí òkè yẹn. Khardala kò ní in. Lọ́dún tí kànga bá gbẹ, a ó mọ ẹni tó ni ilé.

Mòrókò ṣe òfin ní 2021 tó gbà kí wọ́n gbin igbó fún oògùn àti iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní agbègbè mẹ́ta: Al Hoceima, Chefchaouen àti Taounate. Irúgbìn òkèèrè ni wọ́n kọ́kọ́ gbára lé, kó tó di pé wọ́n fún Beldia náà láàyè ní 2024. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Ọba Mohammed Kẹfà dárí ji àwọn 4,831 tí wọ́n ní ẹjọ́ lórí igbó gbígbìn. Inú mi dùn sí méjèèjì, mo sì gbà pé wọ́n so mọ́ra. Àgbẹ̀ tó ń sá fún ọlọ́pàá kò lè jáde wá sọ irú tí òun ń gbìn àti ibi tí òun ti rí i. Bí ẹnu rẹ̀ bá dákẹ́, ìwé pélébé inú kọ́bọ́ọ̀dù á dákẹ́ pẹ̀lú.

Bí ìjọba bá ti wá fẹ́ fọwọ́ sí Beldia, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé èwo ni Beldia? Ní àfonífojì tí Khardala wà lápá kan tí Beldia wà lápá kejì, afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà. Kí a wo ewé kò tó, kí a wọn THC kò tó, orúkọ tí àgbẹ̀ pè é kò tó. Ó yẹ kí wọ́n fi jíìnì rẹ̀ wé ti àwọn gbígbẹ tí wọ́n ti já ṣáájú kí Khardala tó dé, kí wọ́n sì lọ wá a ní abúlé tó jìnnà jù, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú irúgbìn tuntun lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni kí wọ́n tó máa fún àgbẹ̀ ní ìwé àṣẹ lórí orúkọ náà.

Inú ẹgàn tiwa

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n dé ilé. Ìtàn tí a ń gbọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun wa tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní Burma àti Íńdíà ló gbé irúgbìn igbó bọ̀ lẹ́yìn ogun tó parí ní 1945. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé Gúúsù Éṣíà ni igbó wa ti wá, ó sì ti ń gbé láàárín wa bí ọgọ́rin ọdún. Ọgọ́rin ọdún lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ewéko tó ń gbó láàárín oṣù mélòó kan.

Ilẹ̀ wa sì ní ohun tó ń kọ́ ewéko. Igbó máa ń fi gígùn òru mọ ìgbà tó yẹ kó yọ òdòdó. Ní Kabul, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ojúmọmọ ń ju wákàtí mẹ́rìnlá lọ, igbó ibẹ̀ á sì máa dàgbà títí ọjọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ní Ìbàdàn, ojúmọmọ tó gùn jù lọ́dún kò ju wákàtí méjìlá ààbọ̀ àti díẹ̀ lọ, èyí tó kúrú jù kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín sí méjìlá. Bí ẹ bá gbin ti Afganístàn síbẹ̀, á rò pé ìgbà ìkórè ti dé, á yọ òdòdó ní kékeré, á sì parí. Igbó tó bá lè ga, tó lè fara da òjò wa nínú ẹgàn Oǹdó, Ọ̀ṣun tàbí Ẹ̀kìtì kó tó yọ òdòdó, ó ti kọ́ nǹkan tí kò sí nínú ìwé àwọn ará Kabul.

Ẹ̀yin náà mọ bí òfin wa ṣe rí. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1966 fi ikú sínú ìyà tó wà nígbà náà fún ẹni tó bá gbin igbó. Àjọ NDLEA dé ní 1989. Lọ́dọọdún la ń rí àwòrán wọn nínú ẹgàn, tí wọ́n ń gé oko igbó, tí èéfín sì ń gòkè. Ní 2019, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti Oǹdó, pẹ̀lú ọ̀gá àgbà NDLEA ìgbà náà, lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin ti oògùn. Ariwo pọ̀ lórí ìrìn àjò yẹn. Nínú gbogbo ariwo náà, owó àti òfin ni mo ń gbọ́ tí wọ́n ń jà lé lórí. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè irúgbìn tí wọ́n máa gbìn.

Ìbéèrè yẹn ló sì ṣe pàtàkì jù sí mi. Bí Nàìjíríà bá yí òfin rẹ̀ padà lọ́la, ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan á gbé irúgbìn àdàlù wá nínú páálí tó ń dán, á gba ìwé àṣẹ, á gbìn ín sínú ilẹ̀ Oǹdó. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á fò. Láàárín ọdún díẹ̀, èyí tí àwọn bàbá wa ti tọ́ láti 1945 á ti di àdàlù, a ó sì máa ra irúgbìn lọ́dọọdún lọ́wọ́ àwọn tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba tiwọn. Bí òfin kò bá sì yí padà, iná ń jó o lọ. Lọ́nà méjèèjì, a kò ní mọ ohun tí a ní.

Mi ò ní kí NDLEA dẹwọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, kí iná tó jó oko kan, kí wọ́n jẹ́ kí onímọ̀ ewéko kan wọ inú rẹ̀ fún wákàtí kan. Ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ni àjọ NACGRAB wà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ láti máa tọ́jú irúgbìn àti ewéko ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ wọn nìyí. Àdéhùn àgbáyé ti 1961 lórí oògùn olóró pàápàá yọ irúgbìn igbó sílẹ̀, bí kò bá ti sí òdòdó lára rẹ̀. Ohun tó kù ni kí àwọn aṣòfin wa kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ilé ìtọ́jú irúgbìn ìjọba lè gbà á, kó tọ́jú rẹ̀, kó sì yẹ jíìnì rẹ̀ wò.

Irúgbìn náà fúnra rẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Kí wọ́n má ṣe mú un lórí igi kan tàbí méjì tó wuyì. Orí igi púpọ̀ ni kó ti wá, káàkiri oko, gíga àti kúkúrú, kí àwùjọ náà lè bá a dé. Kí wọ́n já ẹ̀ka akọ àti ti abo, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Kí wọ́n gbẹ irúgbìn dáadáa, kí wọ́n fi sínú òtútù ìwọ̀n -18 Celsius, kí wọ́n sì mọ̀ pé kò ní wà láàyè níbẹ̀ títí láé. Ní àwọn ọdún 1990, ó di dandan kí àjọ International Hemp Association tó wà ní Amsterdam ran ilé ìwádìí Vavilov ní St. Petersburg lọ́wọ́ láti tún irúgbìn igbó wọn gbìn kó má bàa kú. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbin irú kọ̀ọ̀kan síbi tó jìnnà sí òmíràn, kí afẹ́fẹ́ má ba iṣẹ́ jẹ́. Owó ńlá nìyẹn. Ẹni tó bá ń sọ pé títọ́jú irú ìbílẹ̀ kò ju kí a ra fìríìjì lọ kò tíì ṣe é rí.

Lára ìwé pélébé náà, mo fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ agbègbè, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, oṣù tí wọ́n gbìn ín, oṣù tó yọ òdòdó, iye igi tí wọ́n ti mú irúgbìn, àti orúkọ tí àwọn tó gbìn ín ń pè é. Bí wọ́n bá lè bá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ láìfi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, kí wọ́n bi í pé ọwọ́ ta ló ti gba irúgbìn yìí, ọdún wo ni, ṣé ó ti fi òmíràn kún un rí. Àwọn tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn ti dàgbà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ kí NACGRAB ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún yìí.